Sísá marathon láti fi wá owó omi mímu fún ará ibòmíì: bí ẹ ṣe máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Kẹ́ẹ̀gì omi lítà ogún, kílò ogún ló wọ̀n, torí lítà omi kan kílò kan ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa tá a dàgbà kí omi ẹ̀rọ tó wọ àdúgbò la ti gbé e rí, a gbé e lórí, a gbé e lọ́wọ́, a sì ti gbàgbé. Èmi náà ti gbàgbé títí di Sátidé kan tí mo pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì méjì níta ṣọ́ọ̀ṣì wa ní London, mo ní kí àwọn èèyàn wá gbé e yí ibi tá à ń páàkì mọ́tò po, ẹni tó bá gbé e yípo á dá pọ́n-ùn márùn-ún, ẹni tí ò bá lè gbé e dópin á dá mẹ́wàá. Ọmọkùnrin kan tó ń lọ jíìmù lójoojúmọ́ ló kọ́kọ́ jáde, kò tíì rìn dé ìdajì tó fi sọ ọ́ kalẹ̀, ìdìmú kẹ́ẹ̀gì ti fa ilà pupa sí ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wo ọwọ́ ẹ̀, ó ní "Àǹtí, ṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe eléyìí?" Mo ní ojoojúmọ́ ni, àwọn míì ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ọmọ náà dá ogún pọ́n-ùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sá London Marathon báyìí, eré kìlómítà méjìlélógójì, láti fi wá owó kànga fún àwọn abúlé kan ní Malawi ní Áfíríkà, èmi kì í sì í ṣe eléré ìdárayá, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mo bí ọmọ méjì, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mi ò lè sá dé ibùdókọ̀ láìdúró mí. Àwọn èèyàn ń bi mí léèrè ṣáá bí mo ṣe ṣe é, ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nìyẹn, kí ẹ má baà ṣe àṣìṣe tí mo ṣe.

Wọ́n tún máa bi yín, bí wọ́n ṣe bi èmi náà, pé kí ló dé tí ò jẹ́ Nàìjíríà. Èsì tèmi rèé. Ẹsẹ̀ òsì màmá mi ní àpá kan lókè kókósẹ̀, sòbìyà ló gba ibẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n ṣì wà lábúlé ní Ìbàràpá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n: èèyàn á mu omi adágún tí kòkòrò tíntìntín wà nínú ẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan, aràn funfun gígùn bí òwú á wá máa yọ lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa fi igi kékeré ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bó bá já sínú, wàhálà dé nìyẹn, oko ò ṣeé lọ, ọjà ò ṣeé ná. Nígbà tí wọ́n kà á jákèjádò Nàìjíríà láàárín 1988 sí 1989, àwọn tó ní in lé ní 650,000. Ọdún 2008 la rí ẹni tó ní in kẹ́yìn, nígbà tó di 2013 àjọ ìlera àgbáyé WHO fọwọ́ sí i pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ẹ wo owó tí wọ́n fi ra asẹ́ aláṣọ, tí wọ́n fi gbẹ́ kànga, tí wọ́n fi rán àwọn òṣìṣẹ́ láti abúlé dé abúlé. Àwọn ará wa ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n owó tó pọ̀ nínú ẹ̀ ti ọwọ́ àwọn tí ò dé Ìbàràpá rí wá, tí wọn ò mọ orúkọ màmá mi. Gbèsè ni mo ka tèmi yìí sí, mò ń san án díẹ̀díẹ̀.

1. Ẹ yan omi ná kí ẹ tó yan eré

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á ti kó sínú eré, wọ́n á wá mú àjọ aláàánú tó bá kọ́kọ́ yọ lórí fóònù. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kìíní, àjọ kan fi fọ́tò àwọn ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín níwájú omi ránṣẹ́ sí mi, inú mi dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ló máa tún ẹ̀rọ náà ṣe bó bá bàjẹ́, ìmeèlì mẹ́ta ni mo kọ, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn gidi. Mo kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè yẹn gan-an lólórí gbogbo ẹ̀. Gbígbẹ́ kànga ò nira tó kí kànga máa ṣiṣẹ́ lọ. Ní 2009, àwọn Rural Water Supply Network, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rí sí omi ìgbèríko, kó iye àwọn ẹ̀rọ omi alọ́wọ́ jọ láti orílẹ̀-èdè ogún ní Áfíríkà, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́rìndínlógójì ni ò ṣiṣẹ́. Ẹ ro ó wò, owó táwọn èèyàn fi òógùn sá eré kí wọ́n tó rí i ló dúró síbẹ̀ tó dípẹtà. Ohun tó sì máa ń bà á jẹ́ kì í ṣe nǹkan ńlá lọ́pọ̀ ìgbà. Malawi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ omi kan tí wọ́n ń pè ní Afridev, láàárín 1980 sí 1989 ni, torí kí ará abúlé fúnra wọn lè tú u, kí wọ́n tò ó padà ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, sípánà kan péré ló fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò, ó lè fa omi láti nǹkan bíi mítà márùndínláàádọ́ta nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà kan wà nínú ẹ̀ tó ń dí omi mú bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, rọ́bà yẹn á jẹ bó bá yá, bí kò bá sí ẹni tó ń tà á nítòsí tàbí kò sẹ́ni tó fi owó pa mọ́ láti rà á, àwọn obìnrin á padà sódò.

Nítorí náà ẹ bi àjọ tẹ́ ẹ fẹ́ sá fún: ta ló ń tún un ṣe, níbo ni wọ́n ti ń ra ìpààrọ̀ rẹ̀, èló ni ará abúlé ń dá lóṣù, ta ló ń tọ́jú owó náà, ṣé obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ (torí obìnrin ló ń pọnmi, òun ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ẹ̀rọ ti ń fẹsẹ̀ falẹ̀). Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n gbé omi náà lọ síbi àyẹ̀wò. Omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Ní Bangladesh, láti nǹkan bí 1970 ni wọ́n ti ń ri páìpù wọlẹ̀ fún àwọn èèyàn kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ omi adágún tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, èrò rere ni, ṣùgbọ́n àwọn omi abẹ́ ilẹ̀ kan níbẹ̀ ní ásẹ́níìkì nínú, májèlé ni, kò ní àwọ̀, kò lóòórùn, ó di ẹ̀yìn 1990 kí wọ́n tó rí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì ti ń mu ún. Ní apá kan ní Ethiopia àti Tanzania, fluoride, ohun kan tó ń ti inú òkúta wọ omi, ló pọ̀ jù nínú omi tí eyín àwọn ọmọ fi ń pọ́n, tí egungun ẹlòmíì fi ń tẹ̀. Àjọ tó mọṣẹ́ á fi èsì àyẹ̀wò hàn yín láìbínú.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo orúkọ wọn nínú ìwé Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn àjọ aláàánú sílẹ̀, bó bá jẹ́ Íńgíláńdì tàbí Wales, ọ̀fẹ́ ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ máa rí nọ́ńbà wọn àti ìṣirò owó wọn ọdọọdún. Scotland ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ ò bá mọ ibi tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ lè wo WaterAid, wọ́n ti wà láti 1981, ẹ bi àwọn náà ní ìbéèrè kan náà. Kò sí ẹni tó tóbi ju ìbéèrè lọ.

2. Bí ẹ ṣe máa rí ààyè nínú eré

1981 yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ sá London Marathon, ọdún yẹn náà ni Great North Run, eré ìdajì marathon ńlá, bẹ̀rẹ̀ ní Newcastle, ó máa ń ya èmi lẹ́nu. Nísinsìnyí ààyè ò sí mọ́. Fún eré 2025, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò London, tí wọ́n fi ń ṣẹ́ gègé mú àwọn tó máa sá a, lé ní 840,000, àwọn tó sá a dópin lọ́jọ́ náà lé díẹ̀ ní 56,000. Ẹ lè dánwò nínú ìbò náà, kò pa yín lára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn sí i.

Ọ̀nà kejì ni kí àjọ aláàánú fún yín ní ààyè tiwọn. Ẹ máa san owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ sì máa ṣèlérí iye tẹ́ ẹ máa rí mú wá, ti London sábà máa ń tó £2,000 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìwé àdéhùn náà tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i! Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa kí ẹsẹ̀ dùn yín kí ọjọ́ tó pé, ṣé owó tẹ́ ẹ ti rí á kúrò nínú gbèsè yín, ṣé wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ sá a lọ́dún tó ń bọ̀, àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé.

Bí £2,000 bá ń bà yín lẹ́rù, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ sá ìdajì marathon, kìlómítà mọ́kànlélógún, tàbí mẹ́wàá ní páàkì àdúgbò yín. Omi ò mọ iye máìlì tẹ́ ẹ sá.

3. Ara

Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, pàápàá bẹ́ ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún tàbí ìfúnpá gíga wà nínú ẹbí yín. Ohun kan tún wà tí àwọn òyìnbó tó ń kọ ìwé eré sísá kì í sábà rántí sọ, ó sì kàn wá: bí ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ AS, ẹ lè sáré, ọ̀pọ̀ eléré ló jẹ́ AS, ṣùgbọ́n eré àsápajúdé nínú oòrùn tàbí nígbà tí omi ti gbẹ lára lè kó bá yín, torí náà ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má sì fi agídí sá nígbà tí ooru bá mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún sí ogún lẹ nílò, bẹ́ ẹ bá sì ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo bíi tèmi, ẹ fi oṣù méjì ṣíwájú ẹ̀ fún rírìn àti sísá díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú kan ẹ sá, ìṣẹ́jú méjì ẹ rìn, títí á fi yí padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ẹ sá ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀kan nínú ẹ̀ á gùn, àwọn tó kù á kúrú. Èyí tó gùn yẹn lòpó ilé, ẹ má jẹ́ kó bọ́, Sátidé ni mo máa ń sá tèmi torí ọjọ́ Sunday ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà mẹ́jọ, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà mo dé mẹ́rìndínlógún, ní ìkẹwàá méjìlélógún, mo dé méjìlélọ́gbọ̀n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ tó pé, mi ò sì sá ju ìyẹn lọ, ẹ ò nílò láti sá méjìlélógójì nílé kí ẹ tó lọ sá a níta. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin mo máa ń dín in kù kí egungun lè sinmi.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni sísá kíákíá jù. Ìdánwò tí mo máa ń fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n máa ka oríkì ara wọn sókè bí wọ́n ṣe ń sá. Bẹ́ ẹ bá lè kà á láìmí gúlegúle, eré náà dáa. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, èémí kan, ọ̀rọ̀ kan, èémí kan, ẹ rọra o, ẹ ti ń náwó tí ẹ ò ní. Ẹ ò ní rẹ́ni bẹ́ ẹ bá ń ka oríkì ní páàkì láago mẹ́fà àárọ̀, àwọn ajá nìkan ni.

Bàtà: ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sá lórí ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ ra èyí tó fi ìdajì nọ́ńbà ju tiyín lọ torí ẹsẹ̀ máa ń wú. Mo ra èyí tó ṣe géé lẹ́ẹ̀kìíní, èékánná ẹsẹ̀ méjì ló dúdú tó sì ṣí kúrò. Ẹ má wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ eré, láé.

Àwọn tó bá ń gbààwẹ̀ Ramadan, ó máa ń bọ́ sáàárín tiréníǹgì lásìkò yìí, ọ̀rẹ́ mi kan máa ń sá kúkúrú ní wákàtí kan ṣáájú ìṣínu, á sì sá èyí tó gùn lẹ́yìn Àṣámù, kò sá a kíákíá rárá nínú oṣù yẹn, ó sì sá a dópin.

Bí eegun bá ń dùn yín lójú kan ṣoṣo, tó ń dùn bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tó sì ń le sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sá, ẹ dúró, ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀. Ara ríro kiri yàtọ̀ sí ìyẹn.

4. Oúnjẹ àti omi

Lálẹ́ tó ṣíwájú eré gígùn, ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí ata ẹ̀ ò pọ̀, tàbí iyán díẹ̀, ó dáa. Ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀, ẹ fi gbẹ̀gìrì sílẹ̀, ẹ fi ata rodo sílẹ̀, mo bẹ̀ yín. Láàárọ̀, wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ògì aládùn tàbí búrẹ́dì àti oyin, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan.

Ara ń tọ́jú ṣúgà sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé yín dé òpin, ó sábà máa ń tán nígbà tẹ́ ẹ bá sún mọ́ kìlómítà ọgbọ̀n, ẹsẹ̀ á wá dà bí òpó símẹ́ńtì. Torí ẹ̀ lẹ ṣe gbọ́dọ̀ máa jẹ nǹkan lójú eré, gíráàmù ọgbọ̀n sí ọgọ́ta ṣúgà láàárín wákàtí kan. Jẹ́ẹ̀lì, ṣúgà olómi tó ki nínú ọ̀rá kékeré, ni ọ̀pọ̀ ń lò, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, dàbínù ni mo ń jẹ, pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá máa jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ ti jẹ ẹ́ nínú tiréníǹgì kí ikùn mọ̀ ọ́n.

Omi ńkọ́? Ẹ mu ún bí òǹgbẹ bá ń gbẹ yín. Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá ṣe ń mu tó ló dáa tó, ìyẹn léwu gan-an, omi àmujù á mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, orí á máa fọ́ni, èèyàn á máa bì, ó sì ti pa èèyàn rí. Ní Boston Marathon 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 488 eléré wò lẹ́yìn tí wọ́n sá tán, mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Àwọn tó sì pẹ́ lójú ọ̀nà, bíi tèmi, tó ń dúró níbi gbogbo tí wọ́n ti ń pín omi, ewu náà sún mọ́ jù.

5. Títọrọ owó

Kí n sọ òótọ́, èyí le ju sísáré lọ fún mi. Wọ́n tọ́ mi pé èèyàn kì í tọrọ. Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni pé màmá mi sọ pé "Ìwọ kọ́ lò ń tọrọ fún, ońṣẹ́ ni ọ́." Látìgbà náà ni ẹnu mi ti ṣí.

Ẹ ṣí ojú ìwé ìdáwó kan, JustGiving ni mo lò, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ṣókí síbẹ̀: ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ibi tí owó ń lọ, ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn yín gan-an. Mo fi fọ́tò àpá ẹsẹ̀ màmá mi síbẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ní kí n fi síbẹ̀, fọ́tò yẹn ló mú owó wá jù. Kò sí fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ tí ẹkún wà lójú ẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fi irú ẹ̀ síbẹ̀, a ò ní fẹ́ kí wọ́n fi ti ọmọ tiwa wá owó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó pín líǹkì náà fún gbogbo ayé, ẹ pe èèyàn mẹ́ta tó lawọ́ tẹ́ ẹ mọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ dá sí i. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fi márùn-ún síbẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé e á fi márùn-ún síbẹ̀. Bó bá fi àádọ́ta síbẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé e á ronú. Ẹ fi tiyín náà síbẹ̀ o, wọ́n á wò ó.

Ẹ má gbára lé gúrúùpù WhatsApp nìkan. Èèyàn igba ló wà ní gúrúùpù ọmọ ìlú wa, mo fi líǹkì síbẹ̀, "Amen", "God bless you ma", àtẹ́wọ́ ogójì, ẹni mẹ́fà ló dáwó. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo kí wọn, mo bèèrè ọmọ, mo bèèrè iṣẹ́, mo wá sọ ọ̀rọ̀ mi ní Yorùbá ìṣẹ́jú kan péré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹni méjì nínú mẹ́ta ló ń dá mi lóhùn. Ẹ ṣe é lẹ́yìn tí owó oṣù bá wọlé, ẹ má ṣe é ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù. Àwọn àgbà ẹ pè wọ́n lórí fóònù, bó bá ṣeé ṣe ẹ lọ sílé wọn, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ẹ má fi líǹkì ránṣẹ́ sí Bàbá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Gift Aid: ẹni tó bá ń san owó orí ní Britain, bó bá tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ìjọba á fi pẹ́ńsì márùndínlọ́gbọ̀n lé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn á di £125 láìsí pé ẹnikẹ́ni tún mówó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ni ò tẹ̀ ẹ́ torí wọ́n rò pé ìjọba á máa wá wọn kiri, ẹ ṣàlàyé fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ ẹ́ fún owó tẹ́ ẹ kó jọ lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀ bíi pé tiyín ni, àti pé owó tí èèyàn fi ra nǹkan kò sí níbẹ̀, bí mo bá dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tí mo tà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà ni wọ́n rà, kì í ṣe ìdáwó. Mo pa £380 lórí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ ìkórè, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ bèèrè níbi iṣẹ́ yín bóyá wọ́n máa ń fi iye kan náà lé ohun tẹ́ ẹ bá rí, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe é, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ò kàn mọ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé garawa dúró ní títì, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ kánsù tàbí ọlọ́pàá tó ń bójú tó àdúgbò náà.

Owó ọwọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin méjì ni kẹ́ ẹ jọ kà á, lójú èèyàn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ jọ fọwọ́ sí i, ẹ san án sí ojú ìwé náà kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ẹ má yá nínú ẹ̀, kódà fún wákàtí kan, kódà bó ṣe owó mọ́tò. Orúkọ rere ṣòro rà padà.

6. Ọjọ́ eré

Ẹ fi faselíìnì pa itan, abẹ́ apá, ibi tí okùn bùrèsíà ti máa ń ha ara, àwọn ọkùnrin kí wọ́n fi pa orí ọmú. Ẹ kọ orúkọ yín gàdàgbà sí àyà aṣọ, torí àwọn èrò á máa pè é.

Greenwich àti Blackheath lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn máìlì àkọ́kọ́ ń lọ sílẹ̀ sódò, ara á yá yín, ẹgbàágbèje èèyàn á máa kọjá lára yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Mo tún rí púpọ̀ nínú wọn tí wọ́n ń rìn ní Canary Wharf, lẹ́yìn ìdajì eré. Ẹ máa rí ọkọ̀ ojú omi Cutty Sark, ẹ máa gorí Tower Bridge nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sá ìdajì, ariwo ibẹ̀ lè mú kẹ́ ẹ fò, ẹ má fò, ibẹ̀ kọ́ ló ti parí.

Láti máìlì ogún ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Lẹ́ẹ̀kìíní, nígbà tí mo dé ibẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi so kókó, mo di irin ẹ̀bá ọ̀nà mú, mo ń sunkún. Obìnrin àgbà kan tó wé gèlè búlúù rí orúkọ àyà mi, ó pariwo láti òdìkejì, "Ìwọ ọmọ yìí, rìn! Má jókòó o, rìn!" Mi ò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí. Mo rìn. Mo rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo jẹ dàbínù méjì, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Rírìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, jíjókòó ló ṣòro dìde. Ẹ máa gba etí odò Thames lọ, ẹ máa rí Big Ben, ẹ ó wá yà sí The Mall, ibẹ̀ ló ti parí, wákàtí mẹ́fà dín ìṣẹ́jú méjìlá ni mo lò.

7. Lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ má ti ojú ìwé ìdáwó náà pa. Àwọn kan wà tí wọn kì í dáwó àfi bí wọ́n bá rí mẹ́dáàlì lọ́rùn, £600 wọlé fún mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé eré. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ sọ iye tó jẹ́ lápapọ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sí fóònù yín kó máa rán yín létí lẹ́yìn ọdún kan, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí àjọ náà: ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó dáwó, bó bàjẹ́ ẹ sọ pé ó bàjẹ́.

Tèmi, àjọ náà fèsì lóṣù tó kọjá. Ẹ̀rọ kan ò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, rọ́bà inú ẹ̀ ti jẹ, ìgbìmọ̀ abúlé kó owó tí wọ́n fi pa mọ́ jáde, wọ́n rán ẹnì kan lọ sọ́jà, obìnrin méjì ló tú ẹ̀rọ náà tí wọ́n sì tò ó padà. Wọ́n fi fọ́tò rọ́bà tó ti jẹ náà ránṣẹ́, dúdú, kékeré, ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kan, etí rẹ̀ kan ti fà ya. Mo fi í sí gúrúùpù ọmọ ìlú wa. Màmá kan níbẹ̀, tí wọn ò dá kọ́bọ̀ nígbà tí mò ń sáré, fi ohùn ránṣẹ́ láago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n ní, "Èló ni irú rọ́bà yẹn?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, àwọn fẹ́ ra mẹ́wàá.